Ọmọ mi kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé mọ́ ní Houston nítorí ICE. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tólú, Kàbà
Okun o, gbogbo ilé. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí níbí ní Kàbà. Ọmọbìnrin mi wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló bá lọ, owó ilé ìwé ló dà á láàmú tó fi dá ẹ̀kọ́ náà dúró, físà sì kú sí i lọ́wọ́. Ọmọ méjì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Kàbà níbí la bí i sí kó tó gbé e lọ. Àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀hún ni wọ́n bí i sí.

Láti ìgbà tí ICE, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mú àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú, ti mú ọkùnrin kan ní àdúgbò wọn, ó ti ti àwọn ọmọ náà mọ́lé. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Ilé ìwé ń pè é, kò gbé fóònù. Ó ní wọ́n ń wọ inú kíláàsì lọ mú ọmọ, pé òun rí fídíò rẹ̀ lórí WhatsApp. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi jẹun, mo mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì lè bàjẹ́ lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń wọ kíláàsì? Kí ni kí ó sọ fún ilé ìwé? Ṣé kí n ní kí ó kó wọn wá fún mi ni? Bàbá wọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ní Texas
Ìyá wa, ẹ kú ọkàn. Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí Houston. Èyí tó kánjú jù ni kí n kọ́kọ́ sọ: kí àbúrò mi, ọmọbìnrin yín, pe ilé ìwé padà lónìí, kó má dọ̀la. Ní Texas, tí ọmọ bá pa ilé ìwé jẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́fà láìsí ìdí tí ilé ìwé gbà, wọ́n lè pe òbí lẹ́jọ́ kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ẹni tó ń sá fún kóòtù ìmígíréṣọ̀n kò yẹ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kóòtù mìíràn.

Ní ti ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ láti kàwé, Texas yìí gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1975, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé àwọn kò ní ná owó ìjọba lórí ẹ̀kọ́ ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú, pé ilé ìwé lè kọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nílùú Tyler, wọ́n ní kí ọmọ bẹ́ẹ̀ máa san $1,000 lọ́dún. Àwọn òbí kan gbé wọn lọ kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní oṣù kẹfà 1982, adájọ́ márùn-ún gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ, mẹ́rin kọ̀. William Brennan ló kọ ìdájọ́ náà. Plyler v. Doe lorúkọ rẹ̀. Títí di òní, ilé ìwé ìjọba kankan ní Amẹ́ríkà kò lè torí ìwé ìgbélùú lé ọmọ. Àwọn olóṣèlú kan ní Tennessee gbìyànjú ní 2025 láti ṣe òfin tí yóò ta ko ó, kò kọjá.

Nítorí náà, a kì í bèèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ òbí. Ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé, ẹ̀rí ọjọ́ orí ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó tán. Bí fọ́ọ̀mù bá ní àyè fún nọ́ńbà Social Security, kí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo, ilé ìwé á fún ọmọ ní nọ́ńbà mìíràn.

Bí òṣìṣẹ́ ICE bá wá sí ilé ìwé wa, iwájú ọ́fíìsì ni yóò dúró. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ dá a lóhùn pé ọmọ báyìí wà níbí tàbí kò sí níbí. Ọ̀gá ilé ìwé nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà á pe agbẹjọ́rò àgbègbè kó tó ka ìwé tí wọ́n mú wá. Èmi tíṣà, ìlẹ̀kùn kíláàsì mi nìkan ni tèmi. Wọ́n kọ́ wa ní gbogbo èyí, ìwé rẹ̀ sì wà lára ògiri ọ́fíìsì. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin àpapọ̀ kan wà láti 1974 tí wọ́n ń pè ní FERPA. Ó ní ilé ìwé kò gbọdọ̀ fi àkọsílẹ̀ ọmọ han ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ òbí, àfi láwọn ìgbà tí òfin náà yọ sílẹ̀, bíi tí kóòtù bá pàṣẹ. Àmọ́ ó ní ihò kan: orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, ilé ìwé lè kà wọ́n sí ohun tí wọ́n lè fún àwọn ará ìta. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ lẹ́tà pé òun kò fẹ́. Kí àbúrò mi kọ lẹ́tà yẹn.

Èmi kò sọ pé kò sí ìbẹ̀rù o. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í bọ́ báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ láti àárọ̀ títí bọ́ọ̀sì á fi dé. Ó ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀, ó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo rọra bi í, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó fi nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ hàn mí, tí wọ́n fi bírò kọ sínú ẹ̀. Mo ti ní kí olùdámọ̀ràn ilé ìwé máa bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀ ọmọ yẹn ń kàwé. Ó ti ka ìwé ìtàn mẹ́ta tán ní sáà yìí.

Awakọ̀ Baltimore
Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹjọ́ 1982 tu ìyá yìí nínú. January 2025 tí Trump padà dé orí àga ni wọ́n ti fagi lé òfin tó ní kí ICE má wọ ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọsibítù. Ó ti tán. Mo ń rí àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé lójoojúmọ́. Ìyá Tólú, ẹ ní kó kó àwọn ọmọ wálé. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Àbúrò Lọ́yà, Atlanta
Ẹ̀gbọ́n Baltimore, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè yìí là ń dáhùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí wọ́n fagi lé ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025 kì í ṣe òfin. Ìlànà iṣẹ́ tí ẹ̀ka ìjọba náà kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ara rẹ̀ ni. Wọ́n gbé e jáde ní 2011, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú ní 2021. Ó ní kí wọ́n yẹra fún ilé ìwé àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá le gan-an. Ó ti lọ báyìí, òótọ́ ni, ìpalára rẹ̀ kò sì kéré. Ilé ìwé ìjọba Denver gbé wọn lọ kóòtù lórí rẹ̀ ní February 2025, adájọ́ kò fún wọn ní àṣẹ ìdádúró tí wọ́n bèèrè.

Àmọ́ Ìwé Òfin Amẹ́ríkà ṣì wà níbi tó wà. Inú kíláàsì kì í ṣe títì tí ẹnikẹ́ni lè rìn wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ tipátipá gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ tí adájọ́ kóòtù buwọ́ lù wá. Ìwé tí ICE sábà máa ń gbé kiri, I-200 lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ló ń buwọ́ lù ú. Ìyẹn kò ṣílẹ̀kùn ibi tí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ilé ìwé láti wo ìsàlẹ̀ ìwé: ta ló buwọ́ lù ú?

Ní April 2025, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì ní Los Angeles, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí àwọn ọmọ kan láti mọ̀ bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà. Wọ́n sọ pé àwọn òbí gbà. Alberto Carvalho tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ilé ìwé ìlú náà nígbà náà ní irọ́ ni. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé méjèèjì kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n padà bí wọ́n ṣe wá.

Ibi tí ewu wà gan-an ni ọ̀nà: ìgbà tí òbí ń gbé ọmọ lọ láàárọ̀, ìgbà tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa fọkàn sí, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìwé ò ti lágbára tó. Ní Los Angeles, ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀nà bọ́ọ̀sì padà kó lè dé ẹnu ọ̀nà ọmọ, wọ́n sì kó àwọn òṣìṣẹ́ sí agbègbè ilé ìwé nígbà ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ní àwọn ibòmíràn, àwọn òbí tó ní ìwé ló ń kó ọmọ àdúgbò jọ, tí wọ́n ń bá wọn rìn lọ. Tí ọmọ yín bá ní aládùúgbò tó ní gíríìn káàdì tàbí ọmọ onílùú, òun ni kó máa gbé àwọn ọmọ lọ.

Awakọ̀ Baltimore
Títì náà ni mò ń sọ! Tí wọ́n bá mú ìyá lójú títì, kí ni I-200 fẹ́ ṣe fún ọmọ tó wà ní kíláàsì?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ní Texas
Ìbéèrè yẹn dára, òun ló sì ń gba oorun lójú wa. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 2019, ICE ya wọ àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe adìyẹ ní Mississippi, wọ́n kó nǹkan bí 680 òṣìṣẹ́. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ Scott County wọlé sáà tuntun ni. Àwọn ọmọ dé ilé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ilé eré ìdárayá kan ní ìlú Forest ni wọ́n kó àwọn kan lọ, tí àwọn ará ìlú ń gbé oúnjẹ àti omi wá. Ọ̀gá àwọn ilé ìwé ibẹ̀ ní kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì má sọ ọmọ kalẹ̀ láìfojú rí òbí tàbí alágbàtọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ tí kò wá sí ilé ìwé ju àádọ́jọ lọ.

Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni gbogbo wa ń lò báyìí. Káàdì tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tí ilé ìwé lè pè sí, ọ̀pọ̀ òbí a kọ ara wọn àti ọkọ wọn, ó tán. Èmi a máa ní kí wọ́n kọ orúkọ mẹ́ta, kí ó kéré tán méjì nínú wọn jẹ́ ẹni tí ìmígíréṣọ̀n kò lè mú. Nítorí ilé ìwé kò ní fi ọmọ lé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́wọ́, bó ti wù kó jẹ́ àǹtí rẹ̀ tó.

Bàbá Pírínsípà (mo ti fẹ̀yìntì), Ìsánlú
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe òkèèrè nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1969, Busia tó jẹ́ olórí ìjọba Ghana fún àwọn àjòjì ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti ní ìwé tàbí kí wọ́n jáde. Ọmọ ilé ìwé ni mí ní Ọ̀fà nígbà náà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni kíláàsì wa kún fún àwọn ọmọ tó ti Kumasi àti Accra dé, Yorùbá ni bàbá àti ìyá wọn, Twi ni wọ́n ń sọ. Tíṣà wa kò lé ẹnikẹ́ni. Ó ní kí olúkúlùkù wa sún, kí bẹ́ǹṣì gba ẹni kẹrin.

Ó wá kàn wá ní tiwa ní January 1983. Shagari ní kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana ló lọ. A ṣì wà ní Kwara nígbà náà, mo jẹ́ igbákejì pírínsípà. Ọmọ Ghana ló ń kọ́ físíìsì, ọmọ Ghana ló ń kọ́ ìṣirò, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Àṣẹ yẹn kó wọn lọ. Ìdánwò WAEC ń bọ̀ ní May. Pírínsípà wa fúnra rẹ̀, tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìlẹ̀-ayé, ló gbé ṣọ́ọ̀kì tó lọ ń kọ́ ìṣirò fún Fọ́ọ̀mù Fáìfù lálẹ́ pẹ̀lú àtùpà gáàsì. Mo fi ń sọ fún yín pé tí ìjọba bá lé àjòjì, ọmọ onílé náà ń fojú winá rẹ̀ nínú kíláàsì.

Ọmọ Àyẹ̀tòrò Gbẹ̀dẹ̀
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ 1983 yẹn kò kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Wọ́n yọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn tíṣà ilé ìwé ìjọba wà lára wọn.

Bàbá Pírínsípà, Ìsánlú
Ìwé yọ wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi, mo wà níbẹ̀. Tíṣà físíìsì wa ní lẹ́tà ìjọba lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà kò ní. Ta ni yóò jókòó kọ́ físíìsì kí ìyàwó àti ọmọ máa dá lọ sí ibodè Sèmè? Ó gbé kọ́kọ́rọ́ láàbù fún mi ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ó sì lọ. Ìbẹ̀rù kò dúró ka ìwé. Ìdí tí mo fi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin Houston yìí nìyẹn: kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ má bá a wí púpọ̀.

Àbúrò Lọ́yà, Atlanta
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí náà nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ibodè dé Charlotte ní November 2025, ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ ni kò wá sí ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì mú ọmọ kankan nínú kíláàsì níbẹ̀ nígbà náà. Ó sì ń kan àpò ilé ìwé: ní Texas, iye ọmọ tó bá wá sí kíláàsì ni ìjọba fi ń pín owó fún wọn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Leeds
Mo fẹ́ fi èyí kún un. Ní England níbí, láti 2016 ni wọ́n ti ní kí ilé ìwé máa bèèrè orílẹ̀-èdè àti ibi tí wọ́n ti bí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Òbí àti tíṣà kọ̀. Wọ́n ń kọ “n kò fẹ́ sọ” sínú fọ́ọ̀mù, títí wọ́n fi pa ìbéèrè náà rẹ́ ní 2018. Ọ̀dọ̀ ọmọ tèmi ni mo ti kọ ọ́ nígbà náà. Kí tíṣà Texas yẹn má jẹ́ kó sú òun, iṣẹ́ wọn ń so èso.

Tíṣà Ògìdì
Ọ̀rọ̀ kíkó wọn wálé ni mo fẹ́ sọ, torí èmi ni mo máa ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó dé kẹ́yìn jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá láti Chicago, ìyá rẹ̀ ló rán an sí ìyá àgbà. Ó dé láàárín sáà kejì láìsí ìwé kankan àfi pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀gá wa ní kí ó lọ sí Páráímárì Kejì nítorí kò gbọ́ Yorùbá, kò sì lè sọ Òwé, ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ ní Kàbà. Mo ní rárá. Ọmọ tó ti mọ ìdá àti ìpín, tó ka ìwé lọ́nà tó yá ju gbogbo kíláàsì mi lọ, kí la fẹ́ fi Páráímárì Kejì kọ́ ọ? A jọ jà á, ó wọ Páráímárì Kárùn-ún.

Ìṣòro rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀kọ́. Kò sọ̀rọ̀. Tí ìlẹ̀kùn bá ro gbàù, á bọ́ sábẹ́ tábìlì. Ọmọ kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fún un ní iṣẹ́: òun ló ń ka ìwé ìtàn sókè fún àwọn ọmọ Páráímárì Kìíní lẹ́yìn ìsinmi. Ọmọ tí a fi iṣẹ́ sí lọ́wọ́ ni ohùn rẹ̀ ń padà. Mo tún bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n má na án nítorí pé kò kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó nà án.

Ìyá Tólú, tí ẹ bá máa gbà wọ́n, kí ọmọ yín mú rìpọ́ọ̀tù káàdì, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà láti ilé ìwé dání. Kí ó ṣe é nísinsìnyí tí ilé ìwé ṣì ń pè é. Tí wọ́n bá dé lọ́mọdé bẹ́ẹ̀, ó rọrùn. Wàhálà ni ti ọmọ tó dé ní SS3, nítorí WAEC ń béèrè máàkì kíláàsì láti SS1.

Ọmọ Yàgbà, Òdò-Ẹrẹ̀
Gbogbo yín ń sọ “kó wọn wálé” bí ẹni pé ilé tutù. Mélòó nínú wa ló lè fi ọmọ sínú mọ́tò láti Ìlọrin gba Ẹ̀gbẹ̀ wọ Ìsánlú láìgbàdúrà báyìí? Ajínigbé ti lé àgbẹ̀ kúrò lóko ní Yàgbà. Àwọn òbí kan níbí náà ti dá ọmọ dúró nílé nítorí ìbẹ̀rù, gẹ́gẹ́ bí ti Houston. Kí ìyá yìí mọ̀ pé láti inú ewu kan sí òmíràn ni. Èmi ò sọ pé kí wọ́n má wá.

Awakọ̀ Baltimore
Ọmọ Yàgbà, òótọ́ lẹ sọ, n kò lè jiyàn. Síbẹ̀ ìyá àgbà wọn ń gbé Kàbà, kì í ṣe inú igbó. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹnì kan kò ní gbé ìyá rẹ̀ lójijì kí wọ́n fi í sọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Àbúrò Lọ́yà, Atlanta
Kí wọ́n tó pinnu, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan méjì. Èkíní, ọjọ́ tí ọmọ bá lò láìní ìwé kó tó pé ọdún méjìdínlógún, wọn kì í kà á mọ́ èyí tó ń mú kí wọ́n fòfin dè ènìyàn fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́wàá. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n náà kò tíì ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jáde, físà tuntun ni yóò béèrè, ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe rí fún ọmọ Nàìjíríà lásìkò yìí. Ẹ má jẹ́ kó jáde láìkọ́kọ́ rí lọ́yà tó mọ iṣẹ́.

Èkejì, àbúrò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ọmọ Nàìjíríà ni nípasẹ̀ ìyá rẹ̀, abala 25 nínú ìwé òfin 1999 sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà àti ti Nàìjíríà fún un. Ti Nàìjíríà ń fẹ́ NIN kọ́kọ́. Kódà tí wọn kò bá lọ síbì kankan, kí pásípọ́ọ̀tù méjèèjì wà nílé.

Ìyá Tólú, Kàbà
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò gbé yín níjà. Bàbá Pírínsípà, ọ̀rọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ kà fún un lórí fóònù, ó sunkún, ó wá gbọ́ràn. Ó ti pe ilé ìwé. Olùdámọ̀ràn ló gbé e, kò bi í ní ìwé kankan, ó kàn ní “inú wa dùn pé ẹ pè.” Wọ́n fi iṣẹ́ kíláàsì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Ìyàwó pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọmọ onílùú ni, ti gbà láti máa gbé wọn lọ láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ kíkó wọn wálé, a ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná títí yóò fi rí lọ́yà.

Ìbéèrè kan ló kù. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i, ṣé orúkọ obìnrin yìí lórí káàdì tó? Ṣé ó lè mú wọn lọ sí ọsibítù, kó buwọ́ lù ìwé ilé ìwé?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ní Texas
Kò tó, Ìyá wa. Káàdì ilé ìwé kàn ń jẹ́ kó lè gbé wọn kúrò ní ilé ìwé ni. Ní Texas, fọ́ọ̀mù kan wà tí òbí fi ń fún mọ̀lẹ́bí tàbí alágbàtọ́ ní àṣẹ láti fi ọmọ sílé ìwé, mú un lọ sí ọsibítù, gba oògùn fún un. Kò gba kí wọ́n lọ kóòtù, kò sì gba ẹ̀tọ́ òbí lọ́wọ́ ìyá. Ìyá àti obìnrin náà ni yóò jọ buwọ́ lù ú níwájú nótárì. Kò béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ìyá, ṣùgbọ́n kí ìyá mú káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání fún nótárì. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀ dára fún un tí kò bá tíì kú. Tó bá ti kú, kó pe ọ́fíìsì nótárì kó tó lọ, kó bi wọ́n bóyá wọ́n á gbà á.

Kó ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ilé ìwé, ọ̀kan fún obìnrin náà, ọ̀kan fún ọ̀dọ̀ yín ní Kàbà. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kì í ṣe síbí o. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sinmi, màá bá a lọ sọ́dọ̀ nótárì.